Fọ́tò tá a yà ní Wejherowo

Láti ọjọ́ Ẹtì tá a ti gbé fọ́tò méje sójú ewé yìí, fóònù wa ò sinmi. "Pásítọ̀, kí lẹ wá lọ síbi ère?" "Dádì, ṣé ẹ ti di Àgùdà ni?" Àwọn kan tiẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ nítorí tiwa. A dúpẹ́. Ẹ má ṣíwọ́ ààwẹ̀ o, a nílò rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ròyìn ohun tá a rí ná.

Ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló gbé àwa àti Màmá ìjọ dé Gdańsk, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Poland. Nígbà tí ọjọ́ kan ṣófo, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Wejherowo. Ilẹ̀ àwọn Kashubia nibẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ní èdè tiwọn, tó jọ èdè Poland tí kì í sì í ṣe òun.

Ẹ̀jẹ́ ló dá ìlú yẹn sílẹ̀. Ní 1634, nígbà ogun Poland àti Rọ́ṣíà, ògiri wó lu ìjòyè kan tó ń jẹ́ Jakub Wejher níbi tí wọ́n ti ń gbógun ti ìlú Biała. Abẹ́ àlàpà ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá jáde láàyè, òun á kọ́lé fún Ọlọ́run. Ó jáde. Ní 1643, ó tẹ ìlú tuntun dó, ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá, kò gbàgbé! Àwa ńkọ́? Físà bá jáde lónìí, ẹ̀jẹ́ dákú lọ́la. Ẹ lọ ka Oníwàásù orí karùn-ún kẹ́ ẹ tó bínú sí wa.

Láti 1649 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé àdúrà kéékèèké sórí òkè, láàárín igi ńláńlá. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀ lónìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ apá kan nínú ìjìyà Jésù, èèyàn á máa rìn láti ọ̀kan dé èkejì, á máa gbàdúrà. Jerúsálẹ́mù àwọn Kashubia ni wọ́n ń pè é. Bó bá di àjọ̀dún Ìgòkè-re-ọ̀run, àwọn èrò á fẹsẹ̀ rìn wá láti Kościerzyna àti Oliwa. Àwọn tó gbé àwòrán mímọ́ á máa mú àwòrán náà tẹrí ba. Ìyẹn ò bá ìgbàgbọ́ wa mu, a ò sì ní díbọ́n. A ò tẹrí ba fún ère kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrìn ẹsẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ wá wo bá a ṣe ń bẹ ẹni tó ń gbé òdìkejì títì kó tó sọdá wá síṣọ́ òru.

Ẹ má sì tètè pè wọ́n ní abọ̀rìṣà. Nínú igbó Piaśnica, tí kò jìnnà sílùú náà, àwọn ará Hitler pa nǹkan bí 12,000 sí 14,000 èèyàn láàárín 1939 sí 1940. Sísítà Alicja Kotowska, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, wà lára wọn. Ọjọ́ 11 oṣù November 1939 ni. Àwọn tó rí i sọ pé àwọn ọmọ Júù ló fà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ.

Ohun tó gún wa lọ́kàn gan-an kéré. Lórí òkè, ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbàdúrà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń mú wa kiri, ọmọ Poland, ní, "Èdè wa kọ́ nìyẹn o, ìdajì ló yé mi." Ọmọ yẹn sì ń dáhùn ní èdè ìyá rẹ̀ àgbà. Láti 1772 títí di 1920, abẹ́ ìjọba àwọn ará Jámánì ni wọ́n wà. Hitler tún dé. Ọdún 2005 ni òfin Poland ṣẹ̀ṣẹ̀ fún èdè wọn láyè. Síbẹ̀ ó ń dín kù: nínú ìkànìyàn 2011, nǹkan bí 108,000 ló ní àwọn ń sọ ọ́ nílé, ní 2021, kò tó 90,000. Ìyá àgbà yẹn ò dúró de ìjọba.

A jókòó sórí àga onígi kan, a ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọ wa wà lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ìyá mẹ́rin ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. A jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wọn níwájú Ọlọ́run pé ìsìn Yorùbá ò ní kúrò nínú ìjọ yìí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a gbé e kúrò. A ní àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ, a ní ká bá ìgbà lọ. Kò sí ọba kankan tó fipá mú wa, ọwọ́ ara wa la fi ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ṣì ń wá, ìlà kejì ló ń jókòó sí. Kò bá wa jà rí. Ó kàn máa ń ki Bíbélì Yorùbá rẹ̀ bọ àpò kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Mà, ẹ forí jì wá.

Láti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, ìsìn Yorùbá padà. Ẹ kó àwọn ọmọ wá, títí kan àwọn tó ní kò yé àwọn. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n kó àwọn ìwé orin wa àtijọ́ sí, kó jọ̀ọ́ pe ọ́fíìsì ìjọ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta.