Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Wò Kí Ẹ Tó Pè É Ní Iṣẹ́ Ọ̀tá

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko, kò sì sí àgbẹ̀ kan ní Elegbeka, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n títí wọ inú àwọn abà tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́, iṣu àti kòkó, tí ẹnikẹ́ni ní láti túmọ̀ òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan àìsàn ọmọ, tí ọmọ tí ń sáré kiri ní oṣù tí ó kọjá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù lójú wa, ọ̀pọ̀ nínú wa a gbàgbé òwe náà, a ó máa wá olè kiri ní ilé orogún àti ní ilé aládùúgbò, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà gan-an ni olè jókòó sí. Àtọ̀gbẹ ọmọdé ni mò ń wí, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní àtọ̀gbẹ oríṣìí kìíní.

Àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni ti àgbàlagbà, èyí tí ó máa ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí i. Kì í ṣe ṣúgà tàbí súìtì tí ọmọ jẹ ni ó fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá tàbí ti bàbá. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tí ń pèsè ínsúlínì, èyí tí ó ń la ọ̀nà fún ṣúgà inú ẹ̀bà àti iyán láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun tí Elédùmarè fi ṣọ́ ara yóò yí idà padà sí onílé, wọn yóò sì máa pa ibi tí ínsúlínì ti ń jáde run díẹ̀díẹ̀, fún oṣù púpọ̀ tàbí ọdún púpọ̀, kí ara tó fi hàn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ipasẹ̀ wọn wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá ní ohun èlò ìwádìí yóò sì rí i.

Ẹ wo bí ó ti ń yọjú. Ọmọ tí ó ti fi àtọ̀ọ̀lé sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Òǹgbẹ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, a dìde lóru, a bu omi mu nínú àmù, a tún jáde lọ tọ̀. Ibi tí ó bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, èèrà a ṣù bò ó, nítorí ṣúgà tí ara kò rí lò ni ó ń bá ìtọ̀ jáde. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù, tí ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ̀ ń yọ̀ ní ìdí. Bí a kò bá wá nǹkan ṣe, yóò máa bì, inú yóò máa run ún, yóò máa mí gúlegúle, èémí ẹnu rẹ̀ yóò máa rùn bí èso tí ó pọ́n jù, oorun tí a kò lè jí i nínú rẹ̀ yóò sì gbé e dè.

Ibi tí a ti ń ṣìnà nìyí. A ó ní ibà ni, a ó ní táífọ́ọ̀dù ni, a ó sáré lọ ra oògùn ní kẹ́mísìtì. Òmíràn yóò fa omi dírípù oní-ṣúgà sí ọmọ lára, òmíràn yóò fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí ó lè lókun, gbogbo èyí sì ń da epo síná. Òmíràn yóò gbé ọmọ lọ sí orí òkè àdúrà tàbí sí ọ̀dọ̀ babaláwo, wọn yóò sì dárúkọ ìyá ọkọ tàbí àbúrò bàbá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Abẹ́rẹ́ kín-ín-kín-ín kan ní ìka ọwọ́, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀rọ kékeré tí ó ṣe é dì mọ́wọ́, kí a tó ṣẹ́jú mélòó kan, òǹkà ti jáde: bí ó bá tó 200 mg/dL tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ (11.1 lójú ẹ̀rọ tí ń lo òǹkà mmol/L), tí àwọn àmì tí mo kà wọ̀nyí sì wà pẹ̀lú, kí ọmọ máa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní FMC, ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n yìí ti rí, níbi tí wọ́n ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Ọmọ tí a gbé jáde ní ọ̀sán kò ní láti bá ìbẹ̀rù òru rìn.

Kí ọdún 1922 tó dé, ikú ni ìdájọ́ ọmọ tí àrùn yìí bá mú. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ní ìlú Toronto ní Kánádà, ni wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó ti rù kan eegun, ní ínsúlínì tí Frederick Banting àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ ìṣáájú kò jẹ́ tó bí wọ́n ti fẹ́. Wọ́n tún un yọ́ mọ́, wọ́n tún gún un, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ìwádìí ni ó bí oògùn yẹn, kì í ṣe àwítẹ́lẹ̀.

Ìwádìí náà kò sì dúró. Ní ọdún 2019 àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà fi ìròyìn jáde pé àwọn fún àwọn ènìyàn kan ní oògùn teplizumab fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn 76 ni ó kópa, gbogbo wọn jẹ́ ẹbí ẹni tí ó ní àrùn yìí, ipasẹ̀ rẹ̀ sì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ó tó dá wọn wó. Oògùn náà ti àrùn sẹ́yìn ní nǹkan bí ọdún méjì, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ọdún méjì láìgún abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo àwọn tí ó kópa nínú ìwádìí teplizumab náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn yẹ ọ̀dọ́ 894 wò ní Kamẹrúùnù, Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2025, wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta tí a sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ oríṣìí kìíní ni kò ní ipasẹ̀ àwọn ọmọ ogun ara nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lè jẹ́ òmíràn, oògùn tí a gé mọ́ ara ọmọ òkè òkun sì lè má bá a mu. Ta ni yóò wá ìdí rẹ̀ bí kò ṣe àwa? Láti ọdún 2012 ni ilé ẹ̀kọ́ kan ti wà ní Èkó tí ó ń kọ́ àwọn dókítà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìtọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òye kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a sin ní Elegbeka pẹ̀lú orúkọ àbíkú tàbí iṣẹ́ ayé, kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn kankan, a kò sì lè ṣe ìwádìí lórí ohun tí a kò kà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwádìí lè ba òbí lẹ́rù, nítorí ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Nínú igba ọmọ tí ó wà nínú ìwádìí náà, mọ́kànlá kú, àwọn òbí sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò là á yé àwọn. Ní ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò ju pé kí á máa bèèrè. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, ti fi dandan lé e pé kí òbí fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí a bá ti ṣàlàyé ìwádìí fún un tán, kí ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ẹ bèèrè: Kí ni ẹ fẹ́ ṣe? Ewu wo ni ó wà níbẹ̀? Ìgbìmọ̀ wo ni ó fọwọ́ sí i? Ṣé mo lè mú ọmọ mi kúrò nígbà tí mo bá fẹ́? Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ọmọ jáwọ́ nínú ínsúlínì kí ó máa mu àgbo tirẹ̀, ẹ sá fún un. Ọmọ tí ó bá fi ínsúlínì sílẹ̀ kò ní pẹ́ kú.

Ní ti ìpamọ́ ínsúlínì náà, bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ ti ìkòkò amọ̀ kékeré kan bọ inú ńlá, ẹ fi iyanrìn sí àárín wọn, ẹ máa bu omi rin ín, ẹ di ínsúlínì sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò náà níbi òjìji. Yóò tutù ju inú ilé lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ tí ọmọ ń tọrọ àyè ìtọ̀ lọ́wọ́ yín lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin pásítọ̀, àlùfáà àti oníṣègùn ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé aláìsàn wá bá, àdúrà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ṣíwájú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń mu omi láìyó, tí ó ń tọ̀ láìsinmi, tí ó sì ń rù, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ náà gan-an.