Níbo Ni Okùn Ẹjọ́ Ti Já?

Ní Olúpọ̀nnà àti gbogbo agbègbè Ìwó, bí èèyàn bá dárúkọ agbefọ́ba, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ níwájú adájọ́ Májísíréètì ló máa ń wá sọ́kàn ẹni. Ó ka ẹ̀sùn ẹni tó jí ewúrẹ́, ẹlẹ́rìí sọ tẹnu rẹ̀, adájọ́ dájọ́, ó parí. Bó bá wá jẹ́ gómìnà ni wọ́n fẹ̀sùn kàn ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti Rotimi Jacobs.

Lọ́yà àgbà ni Jacobs, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní SAN. Kì í ṣe ọlọ́pàá o. Ọ́fíìsì tirẹ̀ ló ní, àjọ EFCC ló ń gbé ẹjọ́ fún un pé kó báwọn rò ó. Lóṣù keje ọdún 2007, EFCC fẹ̀sùn kan gómìnà tẹ́lẹ̀ méjì: Joshua Dariye ti ìpínlẹ̀ Plateau, ẹ̀sùn 23, Jolly Nyame ti Taraba, ẹ̀sùn 41. Owó tó lé ní bílíọ̀nù kan náírà ni ti Dariye, owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ogbara àti ilẹ̀ tó ń bàjẹ́. Ẹni tó bá ti rí ohun tí ogbara ń fi ojú ọ̀nà oko rí nígbà òjò mọ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó àwàdà.

Ṣé ẹ rò pé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Rárá o. Dariye ní kí wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà. Adájọ́ kọ̀. Ó gba kòtẹ́milọ́rùn lọ, ó tún gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ. Ọdún 2015 ni wọ́n tó ní kó padà lọ jẹ́jọ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́jọ! Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkùnrin náà ti di sẹ́nétọ̀ l'Ábújà. Agbefọ́ba ní láti máa tọ́jú ìwé ẹ̀rí, kó máa wá ẹlẹ́rìí kiri, kí wọ́n má gbàgbé ohun tí wọ́n rí.

Jacobs kò jáwọ́. Ní May 30, 2018, Adájọ́ Adebukola Banjoko rán Nyame lẹ́wọ̀n ọdún 14. Ní June 12, ó rán Dariye náà ní ọdún 14. Kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí 12 àti 10. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi rìn ín dé ibẹ̀.

Ó wá di April 2022. Ààrẹ Muhammadu Buhari dárí ji àwọn méjèèjì, wọ́n ní nítorí àìlera. Nígbà tó di August, wọ́n ti jáde. Òfin fún Ààrẹ lágbára yẹn, kò jí i lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí ewúrẹ́, tí àìsàn ń ṣe lẹ́wọ̀n, ta ni yóò bá a kọ orúkọ rẹ̀ lọ sí Abújà?

Gbogbo ẹjọ́ Jacobs kọ́ ló jẹ́ ìṣẹ́gun, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Bukola Saraki sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ohun ìní tó kéde, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó. Okùn já lọ́wọ́ agbefọ́ba nìyẹn. Ní May 2020, wọ́n fagi lé ẹ̀wọ̀n ọdún 12 Orji Kalu, nítorí pé wọ́n ti gbé adájọ́ tó dá a lọ sí kòtẹ́milọ́rùn kó tó parí ẹjọ́. Okùn já lọ́wọ́ kóòtù nìyẹn. Ti Dariye àti Nyame, ìdí gègé Ààrẹ ló ti já.

Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kí àwọn èèyàn mọ̀. Bí wọ́n bá tú olówó sílẹ̀, gbogbo ẹnu ní ìdíkọ̀ yóò máa pariwo pé, "EFCC ò ṣe nǹkan kan!" Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015 ti ní kí kóòtù má dá ẹjọ́ dúró mọ́ nítorí pé ẹnì kan gba kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ariwo aráàlú wà lára ohun tó bí òfin yẹn. Ariwo tó mọ ibi tó ń lọ ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bú agbefọ́ba, ẹ kọ́kọ́ béèrè: níbo ni okùn ti já, ta ló sì mú ọ̀bẹ lọ́wọ́?