Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Kábíyèsí Ọlọ́fà lórí Ìyà tí Àwọn Akàndá Ọmọ ń Jẹ ní Ilé-Ìwé

Kábíyèsí, Ọlọ́fà ti Ọ̀fà,

Àwa òbí akàndá ọmọ ní ìlú yìí dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀ níwájú yín. A dúpẹ́ pé ilẹ̀kùn ààfin kì í tì mọ́ mẹ̀kúnnù. Ìyẹn ló kì wá láyà tí a fi kọ ìwé yìí.

Kábíyèsí, àwọn ọmọ wa ń jẹgba ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Adití wà nínú wọn, ẹni tí kò ríran rí pátákó wà, ẹni tí wárápá ń dà láàmú wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Ilé-ìwé ìjọba ni gbogbo wọn ń lọ. Ọ̀kan nínú wa bí ọmọkùnrin kan tí kò gbọ́ nǹkan rárá. Bí wọ́n bá tò sórí ìlà láàárọ̀, tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, wọ́n á ní agídí ló ń ṣe, pankẹ́rẹ́ á sì bà á lẹ́yìn. Ojú àwọn ọmọ tó ń fi í rẹ́rìn-ín ló fi ń mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìyá rẹ̀ ti lọ ṣàlàyé, tíṣà gbọ́, ó sì gbà. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, tíṣà mìíràn gba kíláàsì, ẹgba tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tún wà tí wárápá máa ń gbé ṣánlẹ̀. Wọn kò nà án. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí ara rẹ̀ yóò fi le, wọn kò dá ọjọ́ tí yóò padà. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ó parí, ọmọ wà lọ́jà Ọwọ́dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń lo òògùn tí dókítà kọ fún un déédéé. Lójú tiwa, ìyà ni èyí náà, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ náà ṣẹ̀.

A mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn tíṣà kò rọrùn. Ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ tíṣà ni ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ní bí a ṣe ń kọ́ adití. A kò ní kí wọ́n má bá ọmọ wí. Àìlera tí wọ́n ń nà bí ẹni pé ìwàkiwà ni, òun ló ń dùn wá.

Kí ó má baà dà bí àsọdùn, Kábíyèsí, ọ̀nà yẹ kó wà láti wádìí rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjìyà wà lára àwọn ìwé tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ìyà tó jẹ àti ẹni tó fi jẹ ẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹgba orí ìlà kì í débẹ̀, ìdápadà sílé kì í débẹ̀.

Àwọn ọmọ Ọ̀fà tó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún wa pé ẹkún yìí wà lọ́hùn-ún náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014, ìdá 15.5 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé ìjọba ni aláwọ̀ dúdú, àmọ́ nǹkan bí ìdá 39 ni wọ́n nínú àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu ẹ̀kọ́. Akàndá ọmọ jẹ́ nǹkan bí ìdá 12, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 25 nínú àwọn tí wọ́n dá dúró. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2004 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìyà ń pọ̀ jù lórí akàndá ọmọ ẹ̀yà kan. Àgbègbè tó bá kù díẹ̀ káàtó gbọ́dọ̀ ya ìdá 15 nínú owó ẹ̀kọ́ akàndá sọ́tọ̀ láti tún un ṣe.

Òfin tiwa náà kò dákẹ́. Ìpínlẹ̀ Kwara ti gba òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2006. Òfin àpapọ̀ tó dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kíní ọdún 2019, ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn. Ilé-ìwé akàndá wà ní Ìlọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yóò ní láti máa sùn síbẹ̀; ẹni tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, ta ni a ó fà á lé lọ́wọ́ lóru?

Nítorí náà, Kábíyèsí, a fi orí balẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ bá wa fi ohùn ọba ránṣẹ́ sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní Ìlọrin. Kí ìwé ìjìyà di ohun tí wọ́n ń kọ lóòótọ́, kí wọ́n fi ipò ara ọmọ kún un, kí alábòójútó ẹ̀kọ́ sì máa kà á ní ìparí sáà. Kí wọ́n má dá ọmọ kankan padà sílé láìsí ìwé tó dá ọjọ́ ìpadàbọ̀. Bí wọ́n bá lè rán tíṣà kan péré tó jáde ní Federal College of Education (Special), Ọ̀yọ́, sí Ọ̀fà, kó máa yí ilé-ìwé ká, inú wa yóò dùn jọjọ.

A kò kọ orúkọ ilé-ìwé tàbí ti tíṣà síbí, nítorí ọmọ wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá ránṣẹ́ pè wá, a ó mú àwọn ọmọ náà wá síwájú yín.

Àwa ọmọ yín tó ń tẹríba,
Àwọn òbí akàndá ọmọ, Ọ̀fà