Ta Ló Ni Fáìlì Ìjọba Tó Wà Nínú OneDrive Rẹ?

Ọ̀rọ̀ fáìlì ni mo gbé wá. Mo mọ̀, kì í dùn létí bíi ti rọ́bọ́ọ̀tì, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò kan kọ̀wé béèrè ìdí tá a fi ti ilé ìkàwé wọn pa. Òfin ọdún 2000 ló fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ ẹ̀, 20 ọjọ́ iṣẹ́ la sì ní láti fèsì. A wá ìròyìn tí wọ́n fi ṣèpinnu yẹn títí, a ò rí i. Àǹtí tó kọ ọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ti fẹ̀yìn tì láti oṣù mẹ́fà, inú OneDrive wọn ló sì wà.

Ẹ wò ó, bí wọ́n bá ti pa àkáǹtì òṣìṣẹ́ rẹ́, 30 ọjọ́ péré ni Microsoft 365 máa fi OneDrive ẹ̀ sílẹ̀, àfi tí ẹni tó ń bójú tó o bá ti yí i padà. Á tún wà nínú àpótí ìdọ̀tí fún ọjọ́ 93. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Tiwa, ẹnikẹ́ni ò yí i padà.

Àwọn ọ̀gá ní ẹ̀bi Àǹtí ni. Èmi ò gbà. Fáìlì tó o bá fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú Teams, OneDrive tìẹ ló ń lọ. Èyí tó o bá fi sínú channel ló ń lọ sí SharePoint tí gbogbo wa jọ ń lò. Òṣìṣẹ́ mélòó ló mọ̀yẹn? Àwọn tó to ẹ̀rọ náà ló yẹ kó ti lẹ àmì ìpamọ́ mọ́ fáìlì látìbẹ̀rẹ̀, kó má ṣeé parẹ́ ṣáájú àkókò. Ẹni tó bá sì ń lọ, kí ọ̀gá ẹ̀ jókòó tì í kó fáìlì jáde, bí wọ́n ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́.

Òótọ́ ni pé òfin ò fẹ́ ká kó ọ̀rọ̀ aráàlú pamọ́ títí láé. Ṣùgbọ́n kí àkókò pé ká tó pa á rẹ́, yàtọ̀ sí kó parẹ́ fúnra ẹ̀.

Ẹ rántí àwọn ará Windrush. Ní 2010 ni Home Office run káàdì tí wọ́n fi wọ̀lú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ bébà, ẹnì kan ló pàṣẹ. Tiwa yìí, kò sẹ́ni tó pàṣẹ rárá.

Àǹtí ṣì máa ń pè mí lọ́jọ́ Sunday. Mi ò tíì sọ fún wọn.