Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rí Ẹni Tí Yóò Sọ Ọ́ Fún



Ọ̀rọ̀ omi, ẹ̀fọn àti ọwọ́ fífọ̀ la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Tòní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera náà ni. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Baṣọ̀run níbí, ó wà ní SS2. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, kí n má dárúkọ. Ọmọ náà dédé kọ oúnjẹ, kò sì sùn lóru mọ́. Bàbá rẹ̀ ní ibà ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ní táífọ́ọ̀dù díẹ̀ (ta ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní Ìbàdàn tí wọn kò bá táífọ́ọ̀dù níbẹ̀?), ó lo oògùn títí, ara kò yá. Ìgbà tí ó tọrọ owó ìwé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá tó fura. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin lórí Instagram ló tan àwòrán gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán tí kò yẹ kí ojú kejì rí. Ó ní bí kò bá sanwó, òun yóò fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá rẹ̀.

Nígbà tí bàbá gbọ́, bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ fà yọ.

N kò bú u. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, bóyá ohun tí èmi náà yóò ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ó mọ̀ pé bẹ́líìtì ń bẹ nílé. Ẹni tó ń dúnkookò mọ́ ọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló sì fi ń jẹun.

Irú ìdákẹ́ yìí ti pa ọmọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ẹni ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí irú ìdúnkookò yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣe é, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, láti Èkó níbí. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní 2023, ilé ẹjọ́ sì rán ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ tó ni Instagram kéde pé àwọn ti pa nǹkan bí 63,000 ojú ìwé rẹ́ ní Nàìjíríà nítorí iṣẹ́ ibi yìí. Ọmọ wa ń kó sí páńpẹ́, ọmọ wa náà ló ń dẹ ẹ́. Inú kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì lè jókòó sí.

Kí ni àwọn ilé ìwé wa ń ṣe sí i? Wọ́n ní kí ọmọ má mú fóònù wá. Òfin yẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án, fóònù ń dúró de ọmọ nílé.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá kọ́ wọn, a ti là wọ́n lójú nìyẹn. Ẹ̀yin ará, nígbà tí a wà ní kéú, ṣé àfáà kò ka ìwé al-Akhdari fún wa? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ jánábà àti nǹkan oṣù lẹ́nu àfáà, láàárín ọkùnrin àti obìnrin, kò sì sẹ́ni tó ní ó bà wá jẹ́. Ìmọ́tótó ni wọ́n pè é. Èyí náà ìmọ́tótó ni. Nínú Sūratun-Nūr pàápàá, āyah 30, àwọn ọkùnrin ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ojú kí ó tó kan àwọn obìnrin ní āyah 31. Àwa a máa wàásù fún ọmọbìnrin nìkan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni jìbìtì yìí ń mú jù.

Ọ̀rọ̀ pásíwọọ̀dù kọ́ ni mo fẹ́ kí ilé ìwé fi bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kọ̀ǹpútà lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá parí ìyẹn. Ẹni tí ọmọ yóò sáré tọ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yan tíṣà ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí gbogbo ọmọ mọ̀ wọ́n. Kí àwa òbí ṣèlérí lójú àwọn ọmọ, ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, pé ẹni tó bá sọ kò ní jẹ pàṣán. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n má sanwó, nítorí ẹni tó san lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n máa ń padà tọ̀ wá. Kí wọ́n má pa ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ́, ẹ̀rí ni. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, fún àwòrán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Àwòrán kò ní kúrò lórí fóònù ọmọ. Àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ Facebook, Instagram àti àwọn mìíràn, kí wọ́n lè yọ ọ́ bí wọ́n bá rí i. Òfin ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 náà wà, ọlọ́pàá sì wà ní Ẹlẹ́yẹlé.

Ọmọ SS2 yẹn ti ń jẹun, Alhamdulillah. Ẹni náà tún fi nọ́ńbà mìíràn pè é ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ọmọ náà gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.