Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Má Sọ̀rètí Nù



Lẹ́yìn Míṣà ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní: “Bàbá, ọdún kẹta rèé tí ọmọ mi ti lọ sí Kútọnù. Kò lọ sí Míṣà mọ́, kò sì fẹ́ kí n dárúkọ Ọlọ́run sí òun létí. Kí ó tó lọ ni mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá a dúró. Ó lọ náà ni. Ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ ohùn mi ni?”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ìyá mìíràn fún yín, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà bíi tiwa. Monique Mímọ́ ni.

Ní nǹkan bí ọdún 331 ni a bí i ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí. Ní ọdún 354 ni ó bí Augustin. Nígbà tí ọmọ náà lọ kàwé ní Carthage, ó ń bá obìnrin gbé láìgbéyàwó, ó sì tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ òdì àwọn ọmọlẹ́yìn Mani fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Inú bí Monique débi pé kò fẹ́ kí ó bá òun jẹun mọ́. Ṣùgbọ́n ó lá àlá kan tí ó fún un ní ìrètí, ó sì gba ọmọ náà padà sílé. Ó lọ bẹ bíṣọ́ọ̀bù kan pé kí ó bá òun bá a sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà kọ̀. Ó ní kí ó ṣáà máa gbàdúrà, pé ọmọ tí a sunkún lé lórí tó báyìí kò ní ṣègbé.

Ní ọdún 383, Augustin fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù. Ìyá rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn ní èbúté, kò fẹ́ kí ó lọ. Ọmọ náà purọ́ fún un pé ọ̀rẹ́ òun kan ni òun fẹ́ sìn títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí. Monique lọ sùn ní ilé àdúrà Cyprien Mímọ́ tí ó wà nítòsí, ó ń gbàdúrà, ó ń sunkún. Òru yẹn gan-an ni Augustin bá ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà kò rí ọmọ, kò rí ọkọ̀.

Kí ni Monique ń tọrọ ní òru yẹn? Pé kí ọmọ òun má lọ. Ọlọ́run kò ṣe é fún un. Kí ni ó ti ń tọrọ láti ọjọ́ pípẹ́? Pé kí ọmọ òun di ti Kristi. Láti Róòmù ni Augustin ti kọjá sí Milan, níbi tí ó ti gbọ́ ìwàásù Bíṣọ́ọ̀bù Ambroise. Ní òru Àjíǹde ọdún 387, ó gba ìrìbọmi lọ́wọ́ Ambroise. Monique, tí ó ti sọdá òkun tẹ̀ lé e, rí ọjọ́ náà kí ó tó kú ní ọdún yẹn kan náà, ní ẹni ọdún 56. Augustin fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run kọ ẹ̀bẹ̀ òru ọjọ́ kan, kí ó lè ṣe ohun tí ìyá òun ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ìgbà pípẹ́.

Èmi kò lè sọ fún ìyá tí ó dúró dè mí pé ọjọ́ báyìí ni ọmọ rẹ̀ yóò padà. Monique pàápàá kò mọ ọjọ́, ó sì dúró tó bí ọdún 17. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ mọ̀ pé ẹni tí ó gbin iṣu kì í máa hú u wò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kì í fi oko sílẹ̀ fún koríko.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí ó ṣáko. Ẹ má gbé e ṣépè, ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri ọjà. Ẹ ránṣẹ́ kí i láìbá a wí. Bí ẹ bá ń ka rósárì lálẹ́, ẹ dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì wálé ọdún, ẹ bu oúnjẹ fún un kí ẹ tó bi í léèrè ohunkóhun.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ni àjọ̀dún Monique Mímọ́. Ọjọ́ 28 ni ti Augustin. Ìyá ṣíwájú, ọmọ tẹ̀ lé e. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù láti dúró dè é. Àmín.