Ẹni Tí Kì Í Jẹ Ẹran Yẹ Kó Mọ Ohun Tó Wà Nínú Magí

Yálà nítorí èèwọ̀ ìdílé, ìlànà ẹ̀sìn tàbí ìmọ̀ràn dókítà, àwọn èèyàn wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí kì í fẹnu kan ẹran. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ti ara ẹran wá ṣì wà nínú ìkòkò.

Ní ìlú bíi Ọ̀tan Ayégbajú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bolúwadúró, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ohun tí àwọn ìyá àgbà fi ń se ọbẹ̀ látijọ́ kò fara sin. Èso igi igbá ni irú, ẹ̀gúsí ni ògìrì. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà pàápàá, oje ewé bòmùbomù ló ń mú un dì. Èyí yàtọ̀ sí àwọn wàrà Òyìnbó kan, tó jẹ́ pé inú ikùn ọmọ màlúù tí wọ́n pa ni wọ́n ti ń mú ohun tó ń mú un dì.

Ibi tí wàhálà wà ni ohun inú páálí. Ajinomoto kò ní ẹran nínú. Ewéko inú òkun ni ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní Japan lọ́dún 1908. Ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é lónìí. Ṣùgbọ́n edé, adìyẹ tàbí ọ̀rá màlúù wà nínú àwọn magí kan. Awọ àti egungun màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè di jẹ́látínì, tó wà nínú àwọn súìtì kan àti èèpo kápúsù. Ọ̀rọ̀ náà kan Mùsùlùmí pẹ̀lú.

Lóòótọ́, àjọ NAFDAC ní kí wọ́n kọ èròjà sára páálí, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni. Ẹni tó ra magí ẹyọ méjì lọ́jà kì í sì í rí páálí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi Yorùbá polówó ọjà wọn lórí rédíò kò ní àwáwí láti má fi Yorùbá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí NAFDAC mú èyí ní dandan.

Kó tó dìgbà náà, kí àwọn àgbà ní kí ọmọ ilé ka páálí fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Kó bi apòògùn léèrè. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ṣùgbọ́n ohun téèyàn bá mọ̀ ló lè kọ̀.